Fíláàṣì Kan Láti Agbowa

Ọdún tí wọ́n pàṣẹ pé gbogbo ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ máa dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ sọ, ọdún tí àwọn kan ń kun igbá ní ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń dé e kiri ìgboro kí agbófinró lè rò pé ojúlówó ni. Ilé wa ní Ìgbògbò kì í dákẹ́ nígbà yẹn. Kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé ti pèrun, ọwọ̀ ti ń dún ṣáá-ṣáá nílẹ̀ àgbàlá, nítorí èmi ni mo ń gbálẹ̀, Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi sì ti ń húkọ́ nínú yàrá rẹ̀. Ikọ́ yẹn kì í ṣe ti àìsàn. Ó fi ń sọ fún gbogbo ilé pé òun ti jí, kí ẹni tó bá fẹ́ kí òun máa bọ̀ ni. Ohun tó máa ń dún kẹ́yìn ni ọ̀kadà bàbá mi. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti jẹrà, bó bá sì ti fẹsẹ̀ sítáàtì rẹ̀ báyìí, àwọn adìyẹ á fọ́nká, Bàbá Ńlá tó jẹ́ olórí ẹbí wa á ṣí fèrèsé, á wò ó, á tún un tì. Ilé tí mò ń gbé báyìí, fíríìjì nìkan ló ń dún níbẹ̀. Bí mo bá jókòó pé kí n rántí ohùn bàbá mi, ohùn ọ̀kadà yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, kí tirẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Kì í ṣe èrò ni bàbá mi fi ọ̀kadà náà ń gbé. Àwọn tó ń gbé èrò wà ní ibùdókọ̀ Benson, wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Ẹja ni tirẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ á gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ, á bá àwọn ìyàwó apẹja létí ọ̀sà, á fi tíúbù táyà di agbọ̀n ẹja mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, á sì gba Agbowa padà wálé kí oòrùn tó mú. Ìyá mi ló ń yan án. Àgbá tí wọ́n gé sí méjì ni ààrò rẹ̀, wáyà ló wà lórí rẹ̀. Á mú ẹja àrọ̀ kọ̀ọ̀kan, á ká a, á ki ìrù rẹ̀ bọ ẹnu rẹ̀, á fi igi tín-ín-rín gún un kó má baà tú, á sì tò ó sórí wáyà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa họ ìpẹ́ ẹpìyà. Ìpẹ́ máa ń wà nínú irun mi, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé mi, èéfín sì wà nínú aṣọ ilé-ìwé mi débi pé àwọn ẹgbẹ́ mi kò pè mí ní Múnírátù mọ́, Múní Ẹlẹ́ja ni. Ó máa ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ẹja tó bá ti já sí wẹ́wẹ́ lórí iná, tiwa ni, Ìyá Àgbà á sì bù ú sínú ìkọ́kọrẹ́, ibẹ̀ ni ìbínú mi máa ń parí sí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dẹ́rù bà wá nílé yẹn, òun náà ni àwọn agbófinró tó ń dá ọ̀kadà dúró lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Wọn kò fẹ́ kí ọ̀kadà tó di ẹrù gba títì ńlá. Wọ́n ti mú bàbá mi rí, nígbà òjò tó ṣáájú, ọ̀kadà sì wà nínú ọgbà wọn títí ẹja fi jẹrà lórí rẹ̀. Yẹtí wúrà ìyá mi ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ kí ọ̀kadà tó padà wálé. Ọ̀gá tó yọ̀ǹda rẹ̀ bá bàbá mi sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa. Ó ní ọ̀gá náà wí pé, "Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí ọ̀kadà yìí níbí o. Bí a bá tún mú un, a ò ní dá a padà." Gbogbo ilé ló mọ gbólóhùn yẹn sórí. Bí ọ̀kadà bá lọ, ẹja lọ. Bí ẹja bá lọ, iná ìyá mi kú, èmi náà á sì jókòó sílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń lọ sí ilé-ìwé. Wọn kò fi ìkankan nínú rẹ̀ pa mọ́ fún mi.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni ààbò wa. Àbúrò bàbá mi ni, ó ń gbé ní ilé ọkọ rẹ̀ ní Agbowa, ó sì ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì. Igi máńgòrò kan wà níwájú rẹ̀, abẹ́ igi yẹn sì ni àwọn tó ń dá ọ̀kadà dúró fẹ́ràn láti dúró sí nítorí ibòji. Wọn kì í ní ọjọ́ kan pàtó. Wọ́n á kàn yọ bí òjò, wọ́n á ra káàdì lọ́wọ́ Àǹtí Bọ́sẹ̀, wọ́n á kí i, òun náà á kí wọn, á bi wọ́n léèrè ọmọ, á sì fi ọwọ́ kejì fíláàṣì bàbá mi lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín lójoojúmọ́ báyìí lè má rántí. Nígbà yẹn, ẹni tó bá pe èèyàn tó sì jẹ́ kó gbé e láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ ikú tàbí ti ọmọ tuntun ni, ọlọ́lá ni. Fíláàṣì ni gbogbo wa ń ṣe: o pè, fóònù ẹnìkejì dún, o já a. Bí Àǹtí Bọ́sẹ̀ bá ti fíláàṣì, ó túmọ̀ sí pé wọ́n wà níbẹ̀. Bàbá mi kò gbọdọ̀ gbé e. Kó kàn yà kúrò lójú títì kó tó dé Agbowa ni, kó gba ọ̀nà oko ẹ̀gẹ́ tó yọ sí ìsàlẹ̀, kó tún padà sójú títì lẹ́yìn tó bá ti kọjá wọn. Ètò tó dára gan-an ni. Ohun kan péré ló kù ú kù, pé kí bàbá mi gbọ́ fíláàṣì náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Àǹtí Bọ́sẹ̀ wọlé wá tìbínú-tìbínú. Kò bọ́ bàtà. Bàbá mi ń jẹun lọ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni? Mo fíláàṣì yín títí ọwọ́ ń ro mí. Mò ń wò yín lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ń bọ̀ ṣáá, bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ!"

"Mi ò gbọ́ ni," bàbá mi wí.

"Ẹ ò gbọ́ báwo? Ọpẹ́lọpẹ́ tírélà tó gbé pákó tó dí wọn lójú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ gbà kọjá. Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀!"

"Ariwo ẹ́ńjìnnì ni, Bọ́sẹ̀. Atẹ́gùn sì ni. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ká máa dé yìí, kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan kan."

Gbogbo wa gbà á gbọ́, nítorí òótọ́ ni ariwo ọ̀kadà náà. Kò sí ẹni tí kì í pariwo bó bá fẹ́ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà, tó jẹ́ pé ògidì Ìjẹ̀bú ló ń sọ, tí èmi kàn ń tún un sọ lédè tí gbogbo wa gbọ́ níbí, ní bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo, kí fóònù náà pariwo jù ú lọ. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà di iṣẹ́ gbogbo ilé.

A ní ayálégbé kan nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì, ọmọ Ìwó, tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe. Kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kì í dùn mọ́ ọn nínú. Ó gba fóònù bàbá mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá Múní, ẹ fọkàn balẹ̀. Nó wàhálà. Ohùn tó ń ké nínú fóònù yín yìí, ohùn ọmọ jòjòló ni. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní ohùn àgbà." Ohùn àgbà tó fún un ni ohùn sáírìnì ọlọ́pàá. Nígbà tó dún nínú àgbàlá wa, ajá aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí hu. Bàbá mi gbé e lọ sọ́nà, Àǹtí Bọ́sẹ̀ sì fíláàṣì. Ohun tí a gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé àwọn ọlọ́kadà tó wà níwájú bàbá mi gbọ́ sáírìnì lẹ́yìn wọn, wọ́n ya wọ inú igbó, ẹnì kan tiẹ̀ ju hẹ́límẹ́ẹ̀tì igbá rẹ̀ nù. Bàbá mi nìkan ló ń lọ lójú títì, ó ń ṣe kàyéfì ohun tó ń lé àwọn èèyàn wọnyẹn. Orí ló kó o yọ lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lábẹ́ máńgòrò ti ń palẹ̀ mọ́ kó tó débẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tiwa ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú wa ló ń wò kó tó rẹ́rìn-ín. Èyí ni mo mọ̀ nísinsìnyí. Nígbà náà, mo rò pé ó kàn ń fara balẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì ní ó yẹ kí fóònù máa gbé inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ó fi ọ̀bẹ gé fóòmù kúrò níbi tí etí ọ̀tún máa ń wà, Ìyá Àgbà sì fi àlòkù ìró rẹ̀ rán àpò kékeré kan sínú rẹ̀, ó fi ọ̀já sí i lẹ́nu kí fóònù má baà yọ jáde. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀. Ó rán hẹ́límẹ́ẹ̀tì náà bó ṣe ń rán fìlà ọkọ rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n ní ká dán an wò. Bàbá mi jókòó sórí ọ̀kadà láàárín àgbàlá, ó dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì ń ké. Àwa tó kù dúró yí ká. Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì lọ sẹ́yìn ilé kó lè fíláàṣì, ó ti ní bí fóònù bá ti dún, kí bàbá mi na ọwọ́ sókè. Fóònù dún. Mo gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí. Ìyá mi gbọ́ ọ nídìí ààrò. Bàbá Ńlá ṣí fèrèsé. Bàbá mi jókòó, ó ń wo òkè, bí ẹni ń retí èrò tí kò tíì dé. Fóònù tún dún. Mo rí i tó yí ojú sọ́dọ̀ ìyá mi, ó rí bí ojú ìyá mi ṣe rí, ó sì na ọwọ́ sókè. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì sáré jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́.

Ìyá mi kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ọwọ́ tí bàbá mi nà sókè títí bàbá mi fi gbé e wálẹ̀, ó wá padà sídìí ẹja rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ́ sílẹ̀, tí a kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bàbá Ńlá pe bàbá mi lẹ́jọ́. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ni, lórí ẹní níwájú ilé, èmi ni mo gbé omi wá fún wọn. Bàbá Ńlá ni ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí bàbá mi, kò sì sí ohun tó kórìíra tó kéèyàn kọjá lára ẹlòmíràn láìkí i. Nílé wa, o lè jẹ gbèsè, o lè sùn títí oòrùn fi là, wọ́n á ṣì rí àwáwí wá fún ọ. Bí wọ́n bá kí ọ tí o kò dáhùn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

"Àkànní," Bàbá Ńlá fi oríkì bàbá mi pè é, "kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún mi, bàbá."

"Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà lánàá. Mo ní, 'Àkànní, o ti dé?' O kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó iná. Àwọn obìnrin ilé yìí ń kí ọ káàbọ̀, o kì í jẹ́ wọn. Ìyá aláta tó wà lójúde wa ní òun ò ní kí ọ mọ́, pé òun ò fẹ́ ìwọ̀sí. Ṣé torí pé o gun ọ̀kadà ni? Àwọn tó gun ẹṣin kọjá níbí rí, wọ́n ń dá wa lóhùn!"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, bàbá. Ọkàn mi ni ò sí nílé. Kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Ọkàn rẹ lọ sí ibo?"

Bàbá mi wà nídọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, kò rí ẹnu ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bàbá Ńlá dúró de èsì títí, ó wá mi orí. "Ẹ rí i?" ó wí fún àwọn tó kù. "Ẹ rí ìgbéraga?"

Mo ti ro ọjọ́ yẹn síwá sẹ́yìn. Bàbá mi ìbá ti sọ òtítọ́ níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà tán. Kò sọ ọ́. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pè é ní agbéraga ju kí wọ́n pè é ní adití lọ, nítorí agbéraga lè gun ọ̀kadà. Ta ló máa gbé ẹja lé adití lọ́wọ́ kó máa gbé e la títì kọjá? Ọ̀dọ̀ wa nínú ilé ló ti ń bẹ̀rù jù. Àwọn tó wà lábẹ́ máńgòrò lè gba ọ̀kadà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa náà lè gbà á, kí a sì máa pè é ní ìfẹ́. Mo bínú sí Bàbá Ńlá fún ọdún púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbínú náà ti tán. Ohun tó rí ló sọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ sọ agboòrùn rẹ̀ sójú títì. Ó ti fíláàṣì, fóònù ti dún nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì, bàbá mi sì ń bọ̀ tààrà. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ṣe bí ẹni pé atẹ́gùn ló gbé agboòrùn lọ, ó ń sáré tẹ̀lé e, ó ń pariwo, àwọn ọkùnrin abẹ́ máńgòrò sì bá a sáré, nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá mi rí agboòrùn, ó rí wọn, ó ṣẹ́ orí ọ̀kadà wọ inú oko. Mọ́tò kan ti gun agboòrùn mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ ti ba káàdì jẹ́. Àǹtí Bọ́sẹ̀ kò wá bínú nílé wa lọ́tẹ̀ yìí. Ó ránṣẹ́ ni. Ó ní òun ti sa gbogbo agbára òun, òun ò ní agboòrùn mìíràn tí òun máa sọ, bí fíláàṣì tó ń bọ̀ bá tún bọ́ sófo, ká gbà pé ọ̀kadà ti lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ náà dé, bàbá mi jókòó sórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fi orí ẹja jẹ ẹ̀bà. Ọ̀kadà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń ké. Kò sí atẹ́gùn. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀. Èmi àti Ìyá Àgbà jókòó lẹ́yìn rẹ̀, a ń họ ìpẹ́. Ìyá Àgbà gbé orí sókè, ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá pè é.

"Àkànní."

Kì í ṣe ìpè ariwo. Bí ìyá ṣe ń fi oríkì pe ọmọ tó bí nígbà tí kò sí ìjà ló ṣe pè é. Mi ò tíì rí ọmọ Yorùbá kan tí ìyá rẹ̀ fi oríkì pè tí ara rẹ̀ kò mì, ì báà jẹ́ ìbínú ló ń bí i. Bàbá mi ń jẹun lọ.

"Àkànní, ọmọ mi."

Ó fa egungun kan yọ lẹ́nu, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ìyá Àgbà fi ọ̀bẹ tó fi ń họ ìpẹ́ sílẹ̀. Ó ní, kì í ṣe fún mi, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni, "A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá." Ó dìde pẹ̀lú ọwọ́ lórí orúnkún, ó lọ bá bàbá mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ tó kún fún ìpẹ́ lé e léjìká. Bàbá mi ta gìrì. Ó wẹ̀yìn, ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó ti ń pe òun.

"Láti ìgbà wo?" Ìyá Àgbà béèrè. Ó jẹ́ kó rí ẹnu òun.

"Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ," bàbá mi wí. "Ọdún méjì. Ìyá mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gba ọ̀kadà lọ́wọ́ mi."

Ìyá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà látìgbà yẹn. Òun ló sunkún. Ìyá Àgbà kò sunkún, ó nu ìpẹ́ kúrò léjìká ọmọ rẹ̀, ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa gbà á. Ìyàwó mi, láti ọ̀la lọ, ìwọ ni o máa bá a gùn ún. Etí tìrẹ ń gbọ́."

"Iná ńkọ́, mà? Ta ló máa ko iná ẹja?"

"Èmi. Mo ti ń yan ẹja kí wọ́n tó bí ọ."

Bí ìyá mi ṣe di ẹni tó ń lọ Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Wọ́n yọ fóònù kúrò nínú àpò tí Ìyá Àgbà rán. Ìyá mi fi ìborùn wé e mọ́ etí, ó di ìborùn náà pinpin lábẹ́ àgbọ̀n, ó sì dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì èrò lé e. Wọ́n ṣe àdéhùn. Bó bá fi ọwọ́ kan èjìká ọ̀tún, wọ́n wà níwájú. Bó bá fi ọwọ́ kan èjìká òsì, ẹnì kan ń kí ọ. Èyí kejì, ìyá mi ló fi kún un fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi ń ròyìn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ fíláàṣì, kò lè jókòó. Ó ní, "Ó dún wààà létí mi bí ẹni pé sáírìnì wà nínú orí mi! Mo gbá a léjìká ọ̀tún. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó kàn yà wọ oko ẹ̀gẹ́ ni, ewé ẹ̀gẹ́ ń nà mí lójú, agbọ̀n ń gbá mi nídìí, mò ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè." Bàbá mi ń wo ẹnu rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, lọ́jọ́ yẹn ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú wa.

Ní ti ìkíni, ó yá ju ọ̀rọ̀ oko ẹ̀gẹ́ lọ. Ìyá aláta kí i, ìyá mi fọwọ́ kan èjìká òsì, bàbá mi na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ ǹ lẹ́ o! A dúpẹ́ o!" Bàbá Ńlá kí i lẹ́nu ọ̀nà, ó dá ọ̀kadà dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń sọ pé Bàbá Múní ti yí padà, pé ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé. Bàbá Ńlá tiẹ̀ gbóríyìn fún ìyá mi níwájú gbogbo ẹbí, ó ní obìnrin rere ló ń tún ọkùnrin ṣe. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Kò sí ẹni tó la ẹnu sọ òdodo ọ̀rọ̀ níta. Nínú ilé pàápàá, a kò pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ rí. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ewu ńlá ni kí ẹni tí etí rẹ̀ di máa gun ọ̀kadà, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn kò gba ọ̀kadà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kadà náà gbó ni, ó sì kú sí àgbàlá wa wọ́ọ́rọ́wọ́, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti jáde ilé-ìwé.

Ìyá Àgbà ti lọ, Bàbá Ńlá ti lọ. Ìyá mi náà ti lọ, kò ṣàìsàn pẹ́. Bàbá mi wà ní Ìgbògbò síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé àga síwájú ilé, á kọjú sí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ màrúwá ń gbà lọ gbà bọ̀. Etí méjèèjì ti di báyìí. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó máa sọ fún un ìgbà tí wọ́n ń kí i, ó ti rí ọgbọ́n kan dá sí i: bí ẹnikẹ́ni bá ti ń kọjá, á na ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹ ǹ lẹ́ o! A dúpẹ́ o!" Ì báà kí i, ì báà má kí i. Àwọn ọmọ kéékèèké àdúgbò máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní kò sí ẹni tó mọ ìkíni jẹ́ tó o ní gbogbo Ìgbògbò.

Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé. Mo bọ́ sí ẹ̀yìn àga rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá mi." Kò gbọ́. Mo dìde, mo fi ọwọ́ kan èjìká òsì rẹ̀. Kò wẹ̀yìn wò. Ó na ọwọ́ sókè sójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ ǹ lẹ́ o! A dúpẹ́ o!" Kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi tó wà léjìká rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà níwájú, ó ní, "Ìyá Múní, ta ni?"